Ohùn Tó Ní Kí N Má Bẹ́

Ẹ yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yìn ín dáadáa, ẹni tí ẹ̀ bá ti máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ló dúró níwájú yín yìí! Halelúyà!

Ẹ̀yin ará, ilé ìkó-kòkó-sí kan ní Ìkẹ́rẹ́ níbí ni mo ti ń rán àpò. Nígbà tí wọ́n ra fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ní apá irin méjì níwájú tó fi ń gbé ẹrù sókè, ọ̀gá ní kí ẹni tó bá wù wá kọ́ ọ. Mo ní ó wù mí. Ọkọ mi, tíṣà ni, ó ní, "Obìnrin lórí kátápílà?" Mo ní kì í ṣe kátápílà, jẹun rẹ.

Ẹnjiníà tó wá kọ́ wa láti Àkúrẹ́ ní, "Bí ọkọ̀ yìí bá fẹ́ dojú dé, ẹ ò gbọdọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ di sítíárìn mú, ẹ fara sí òdìkejì ibi tó ń ṣubú sí." A bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí a ti ń bẹ́ lórí píkọ́ọ̀pù àti ọ̀kadà láti kékeré! Ta ni í jókòó de ikú?

Ẹ wá gbọ́ o. Láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun ọkọ̀ yẹn ni ohùn kan ti ń pè mí láti ẹ̀yìn àwọn àpò. "Àbẹ̀kẹ́!" Lọ́sàn-án gangan. Tí mo bá bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Òórùn kòkó ni, àti atẹ́gùn tútù kan tí mi ò mọ ibi tó ń gbà wọlé. Ẹ̀yin ará, Màámi nìkan ló ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, a sì ti sin ín! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìṣẹ́ ní, "Má dáhùn o! A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí." Mi ò dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ẹni tó bá yege á gba sàtífíkéètì, ẹni tó bá fìdí rẹmi á padà sídìí àpò. Mo ń gbé kòkó gun ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo gbé e sókè jù, mo sì yí. Táyà kan já sí gọ́tà. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Jésù! Gbogbo wọn figbe ta: "Bẹ́! Bẹ́ sílẹ̀!" Mo ti fọwọ́ kan bẹ́líìtì láti tú u.

Ni ariwo bá dákẹ́ létí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá rì sínú omi. Ohùn yẹn dé. Kò wá láti ẹ̀yìn àpò mọ́, inú etí mi gan-an ló ti sọ̀rọ̀, èdè Ìkẹ́rẹ́ pọ́nńbélé: "Àbẹ̀kẹ́, mọ́ bẹ́ o!"

Mo fi bẹ́líìtì sílẹ̀. Mo di sítíárìn mú. Gbàà!

Èjìká mi nìkan ló yẹ̀. Ògo! Dókítà ní, "Èjìká nìkan? Màdáámù, ẹ lọ dúpẹ́." Ẹnjiníà fi ibi tí òrùlé irin ọkọ̀ náà gún mọ́lẹ̀ hàn mí, ó ní ibẹ̀ ni ǹ bá bẹ́ sí. Ó wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ má bínú, ìyá wo ló pariwo pé 'mọ́ bẹ́'? Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀yin nìkan lobìnrin tó wà níbẹ̀." Orí mi wú.

Pásítọ̀, mo mọ ohun tí Bíbélì sọ nípa òkú. Mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà sọ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, mo fi í rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mọ ohùn ẹni tí mi ò ní gbó lẹ́nu.

Mo tún ìdánwò ṣe, mo yege! Ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sàtífíkéètì náà kọ́ sí pálọ̀. Ohùn yẹn ò sì pè mí mọ́. Nígbà mìíràn lọ́sàn-án, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí n tẹ́tí. Kò pè.

Ìwọ tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí pé kí o sá, kí o bẹ́, jọ̀ọ́, fara balẹ̀ gbọ́ ti Ọlọ́run ná. Kò ní jẹ́ kí ohunkóhun wó pa ọ́. Ẹ ṣé o, Bàbá mi ọ̀run. Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ẹ bá mi kí Màámi.