Súẹ́tà Níwájú Ààrò Búrẹ́dì

Má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, jókòó síbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ mi lónìí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Èmi tí èmi pẹ̀lú ẹ ti jọ ń yan búrẹ́dì láti ìgbà tí ààrò yìí ti wà ní titun, èmi ni ọ̀gá ń gbé gorí òṣùwọ̀n, láàárọ̀ bí mo bá dé, nírọ̀lẹ́ bí mo bá ń lọ, bí ẹni ń wọn àpò ìyẹ̀fun. Nítorí kí ni? Búrẹ́dì ń dín, èmi ń sanra. Ó ní bó bá tún dín lónìí, kí n máa lọ sílé mi.

Súẹ́tà yìí ló tún dá kún un. Ẹ̀yin ń làágùn níwájú ààrò, èmi ń gbọ̀n. Ni wọ́n bá ní abẹ́ rẹ̀ ni mò ń kó búrẹ́dì sí. Ọ̀gá tú ara mi wò lójú àwọn oníbàárà, kò rí èérún.

Dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ló gbà mí. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn, táyírọ́ìdì lorúkọ ẹ̀, òun ló ń tú họ́mónù tó ń sọ fún ara pé kó lo oúnjẹ. Tèmi ń ṣọ̀lẹ. Gbogbo ara wá ń fà bí iná tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀: ìwọ̀nba tí mo jẹ kò jó tán, omi ń dúró sí mi lára, òtútù ń mú mi, oorun ń kùn mí, ohùn mi ha. Mo ní ṣé kì í ṣe pé mo jẹun jù? Ó ní rárá, oògùn kékeré kan ni n ó máa lò kí n tó jẹun láàárọ̀. Mo sunkún níwájú ọkùnrin yẹn.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí kì í bá ṣe èmi, ṣé búrẹ́dì lẹ́sẹ̀ ni? Ta ló kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá pé kó wo abẹ́ súẹ́tà mi? Ta ló máa ń sọ pé, ọ̀rẹ́ mi, lọ sinmi, n ó bá ẹ ṣọ́ pákó búrẹ́dì? Mo ń sùn lórí àpò ìyẹ̀fun, ìwọ ń ṣọ́. Mo tún ń dúpẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Kí lo fọwọ́ bò lápò ẹ̀wù iṣẹ́ ẹ yẹn? Ó gbóná, àbí? Má búra, mò ń gbóòórùn ẹ̀ láti ibí. Ọ̀gá ló ń bọ̀ yìí, òṣùwọ̀n wà ńlẹ̀. Dìde. Ìwọ lo máa gùn ún lónìí, tàpò tàpò.