Ìran Èké Nítorí Ọ̀rọ̀ Omi

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ọdún 2025, Ìbíyẹmí ìyàwó mi kú. Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní àdúgbò Alibon, ó tó àkókò kí ẹ gbọ́ ọ: ìran tí mo ní mo rí sí i, irọ́ ni.

Ẹ rántí kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí èmi àti òun fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní kẹ́mísìrì. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ, àmọ́ mo máa ń ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo kọ́ wọn pé nínú omi, ọ́síjìn ló lágbára, òun ló já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ háídírójìn méjèèjì. Ìbíyẹmí tó ń pín bisikíìtì lẹ́yìn dáhùn pé, "Bàbá Èyítáyọ̀, ti iyọ̀ lẹ sọ yẹn o. Nínú omi, kò sẹ́ni tó já nǹkan gbà. Wọ́n jọ ń lò ó ni." Ó to ẹ̀wà sórí tábìlì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Háídírójìn mú pupa kan wá, ọ́síjìn mú funfun kan wá. Méjèèjì wà láàrin wọn, kálukú sì ń kà wọ́n mọ́ tirẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ nìyẹn. Bákan náà ni ti háídírójìn kejì. Ọ́síjìn tó ní mẹ́fà ní ìpele tó wà níta di onímẹ́jọ, háídírójìn kọ̀ọ̀kan di oníméjì. Zoe, ọmọ Jọkẹ́ ará ìjọ wa, tó wà nínú kíláàsì náà, bú sẹ́rìn-ín: "Daddy, mummy got you o!" Màmá ti borí mi nìyẹn. Gbogbo wọn hó. Nítorí ẹ̀wà ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ìsìn, mo wólẹ̀, mo gbọ̀n, mo ní Ẹ̀mí fi òkùnkùn hàn mí lórí obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Wòlíì Múyìwá ké "Àmín!" Ẹ̀yin náà ṣe àmín. Ẹ ò bèèrè nǹkan kan. Àgùntàn sàn jù yín lọ, ó máa ń gbóòórùn koríko kó tó jẹ ẹ́. Ẹ lé e kúrò ní kíláàsì. Nílé, ó bi mí pé, "Bàbá Èyítáyọ̀, ẹ̀mí wo ló ń bínú sí kẹ́mísìrì?" Mo ní, "Má bú Ẹ̀mí Mímọ́." Èmi, alágàbàgebè. Ó lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Kò tú àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àìsàn dá a wó, ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí wọ́n má sin mí mọ́ òkùnkùn." Mo ní mo gbọ́. N kò sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ ní òkú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ìjọ. Wòlíì wò mí: "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kúkú rí i." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Etí títì la ti gbàdúrà fún un, bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Jọkẹ́ ń sunkún: "Kí ni ìyá yìí ṣe?" Èmi ń wo ẹsẹ̀ lásán mi lábẹ́ sùtánà.

Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìjọ, níwájú pẹpẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ríran sí ọmọnìkejì rẹ̀, ẹ bi í pé kí ló ń bí i nínú.

Ohun tó fi sílẹ̀: sùtánà méjì, ọ̀kan kò tíì kan omi, awò ojú rẹ̀, agolo ẹ̀wà funfun, agolo ẹ̀wà pupa, páálí kan tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀wà mọ́ bí omi ṣe rí, tó kọ orúkọ Zoe sí lẹ́yìn.