Ìdáhùn tí Mo Fún Dosi Nípa Bátìrì Pẹlẹbẹ

Kí Dosi tó gun orí pèpéle yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí tí ó bá ṣáájú mi, irọ́ mi ni yóò fi kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́. Àkọlé tí ẹ rí lára ògiri, "Ohun tí Ìkánjú Fi Ojú Mi Rí", èmi Gbádéyan ni mo yàn án fún un. Kì í ṣe òun ló kánjú.

Ilé iṣẹ́ mi wà ní Ibereko, tirẹ̀ wà ní Kankon. Àwa méjèèjì la ń ṣe ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kọ́ṣẹ́. Fòfó ló ń pè mí, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin. Nígbà tí bátìrì pẹlẹbẹ dé, èyí tó ń mú kí ẹ̀rọ fúyẹ́, tó sì ń gba iná kíákíá, a jọ fẹ́ ẹ, a jọ bẹ̀rù rẹ̀. Oníkálukú ń ṣọ́ ẹnìkejì kó kọ́kọ́ lò ó. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn.

Mo fi ọ̀kan sínú ọkọ̀ mi tí mo tì pa létí òkun nínú oòrùn. Nígbà tí mo padà, ó ti wú bí àkàrà inú epo. Ó yẹ kí n pe Dosi. N kò pè é. Mo ní kí Múyìwá, tó ń bá mi ṣiṣẹ́, fi bátìrì àtijọ́ kékeré sínú ẹ̀rọ tuntun náà. Múyìwá rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, èèpo lásán lẹ fẹ́ fi tan ọmọ Ègùn yẹn. Tó bá wá gbà á gbọ́ ńkọ́?" Mo ní, "Òun ni kó kọ́kọ́ jóná. Àwa á wá mọ ibi tó ti ń jó."

Ojú omi ni mo ti ṣe àfihàn rẹ̀, nígbà tí èmi àti Dosi jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Topo. Mo ń gbá géèmù nínú oòrùn bí ẹni tí kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Sewanu, àbúrò Dosi obìnrin, tó máa ń dán ẹ̀rọ wọn wò, pariwo: "Fòfó, ẹ mà ti di ọmọdé! Ẹ gbé e wá, kí n nà yín lójú gbogbo ọkọ̀." N kò gbé e fún un. Ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ pé bátìrì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, Dosi kò kánjú. Ó pè mí lórí fóònù: "Fòfó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rí mi bí abánidíje lórí èyí. Sewanu ló máa kọ́kọ́ gbá a. Ṣé bátìrì yìí ń gba ooru?" Mo dáhùn pé, "Ó ń gbà á. Mo ti dán an wò." Gbólóhùn méjì. Òtítọ́ ni èkejì.

Dosi gbà mí gbọ́, ó fi bátìrì pẹlẹbẹ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó bú gbàù lọ́wọ́ Sewanu níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ kan lọ. Ní ilé ìwòsàn, Dosi di apá mi mú: "Fòfó, tiyín ò bú. Kí ni mo ṣe sí tèmi?"

Mo ní, "O kánjú ni."

N kò sunkún. Ara mi kú nígbà náà, kò tíì jí. Ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa, mo gbà á síṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà ló wá ọ̀nà tí bátìrì yẹn kò fi ń wú mọ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín nìyẹn, orúkọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí abánidíje yín bá bi yín léèrè bóyá nǹkan yóò jó ènìyàn, ẹ gbàgbé ọjà, ẹ sọ òótọ́ fún un. Sewanu, mo rí ọ níwájú níbẹ̀. Dárí jì mí, bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mo gbà.

Dosi, máìkì rèé. Sọ ohun tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.