Ìlà Tí Mo Yí Padà Nínú Àpótí Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Ẹ̀yin ará àsàlátù wa ní Peckham, ní London níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì dà nínú mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí àyà mi ní ọsibítù. Dókítà ní ó lè yọrí sí rere, ó sì lè má yọrí. Èmi Làtíìfù kò fẹ́ kí wọ́n bá irọ́ yìí níbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lè sáré, ọdún mẹ́ta péré ló rìn.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń bójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn wa. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé onídàájọ́ òdodo ni router, àpótí kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa yẹn. Bí àwọn tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀, ó ń to ẹrù oníkálukú, ìyẹn àwòrán àti ohùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá, sí ìlà tirẹ̀, á mú díẹ̀ níbí, á mú díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí alágbára má baà tẹ aláìlágbára mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Chairman wa, Alhaji Abdulqoyyum, ń ráhùn pé àwòrán wàásù ń dúró lójú àwọn tó ń wò wá láti òkèèrè. Dípò kí n ní ká ra íńtánẹ́ẹ̀tì tó lágbára sí i, mo yọ ètò ìdọ́gba kúrò, mo fi ìlà mẹ́ta rọ́pò rẹ̀: kámẹ́rà wàásù níwájú, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láàárín, fóònù ẹ̀yin ará lẹ́yìn pátápátá. Níwọ̀n ìgbà tí ti iwájú bá ṣì ní ẹrù, ti ẹ̀yìn ò ní gbéra. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, àwòrán mọ́ kedere. Chairman ní kí ẹ ṣe àdúà fún mi, ẹ ṣe àmín, orí mi wú. Chairman fúnra wọn ò mọ ohun tí mo ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Aunty Mìsítúrà, tó ń ṣáájú àwọn obìnrin wa, sáré wá bá mi tòun ti fóònù lọ́wọ́. Ìyá wọn ń pọ̀kàkà ikú ní Ìsẹ́yìn, Rahmah àbúrò wọn sì gbé fóònù sẹ́nu màmá kí wọ́n lè súre fún àkọ́bí. Aunty ò lo data tiwọn, torí wọ́n gbà pé network gbọ̀ngàn wa ló lágbára jù.

"Làtíìfù, jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Màmá pe orúkọ mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run, picture kàn freeze. Ṣé from our side ni?"

Kọ̀ǹpútà wà níwájú mi. Mo fojú ara mi rí i pé ìlà ẹ̀yìn ń da ẹrù nù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àṣẹ ẹyọ kan péré ni mo máa tẹ̀, ètò ìdọ́gba á padà. Ṣùgbọ́n àwòrán wàásù á gbọ̀n, Chairman sì dúró sẹ́yìn mi. Mo gbójú sókè, mo ní, "Aunty, our side is fine. Naija ni. Ó jọ pé data Sister Rahmah ló tán."

"Rahmah? Mo ti sọ fún un kó load data o."

Nígbà tí ìpè náà fi máa padà lọ, màmá ti kú.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Aunty pe Rahmah ní ọ̀dájú lórí fóònù. Rahmah sunkún, ó ní data kún fóònù òun. Aunty ò gbà, wọn ò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́ títí dòní. Aunty kan náà ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé wọn ní Aylesbury Estate wá sílé mi láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi dùbúlẹ̀. Wọ́n á gbé ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀, wọ́n á ní, "Làtíìfù, eat, jàre. At least ìwọ gbìyànjú fún mi lọ́jọ́ yẹn." Ọbẹ̀ náà ń dùn, mo sì ń jẹ ẹ́. Irú èèyàn wo ni mí?

Lánàá, mo pe Rahmah, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó wá sọ fún mi pé màmá ò mọ̀ pé àwòrán ti dúró. Wọ́n ń súre lọ títí wọ́n fi parí. Òun sì há gbogbo rẹ̀ sórí, kò fo ọ̀rọ̀ kankan, òun kàn ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun á gbé fóònù.

Mo ti dá àpótí yẹn padà sí bí wọ́n ṣe bí i. Aunty Mìsítúrà, mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi lè dúró. Rahmah á pè yín lónìí lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e.