Ẹ̀bẹ̀ Tí Kò Yẹ Ká Bẹ̀

ÀBÚRÒ: [Lórí fóònù] Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ—

Ẹ̀GBỌ́N: A dúpẹ́. Ọ̀dọ̀ onílàjà ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní ká sinmi díẹ̀. Wọ́n fún wa ní bisikíìtì.

Ẹ̀GBỌ́N: Bisikíìtì! Àwọn tó ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ya bébà jẹ bí ewúrẹ́ fún mi ló ń fi bisikíìtì tù ọ́ lójú?

ÀBÚRÒ: Onílàjà ní òun ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó kúkú yẹ! Ìlú wọn la ti jókòó, èdè wọn la ń sọ, èmi tí mo ra ẹ̀rọ, wọn ò fún mi ní físà. Ìwọ tí o ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ni mo wá sọ di agbẹjọ́rò. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: [Ìlà ń já díẹ̀díẹ̀] —àdéhùn ti wà nílẹ̀. Ó ku kí n sign.

Ẹ̀GBỌ́N: Kà á.

ÀBÚRÒ: “The buyer accepts fault and will not go to court.”

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló gba ẹ̀bi?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní... èmi ni, lórúkọ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ kẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ọ̀gá wọn ti dàgbà, ẹ̀gbọ́n. Orí rẹ̀ funfun báláú. Ó ní ìwé ẹ̀sùn yín dun òun. Mo bá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀—

Ẹ̀GBỌ́N: Díẹ̀ báwo?

ÀBÚRÒ: Ọwọ́ kan ló kanlẹ̀. Mo ní, “We are sorry, sir.” Lọ́yà wọn kọ ọ́ sílẹ̀ kíá.

Ẹ̀GBỌ́N: [Ó pòṣé] Ẹni tí wọ́n gbá létí ló ń bẹ ẹni tó gbá a! O ò kúkú bá a fi omi gbóná jó ọwọ́ tó fi gbá wa, ìwọ nọ́ọ̀sì! Bírò dà?

ÀBÚRÒ: Ó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé e sílẹ̀! Tí o bá fọwọ́ sí i, ilẹ̀kùn kóòtù ti tì nìyẹn, ilé ìtẹ̀wé mi ti tì pẹ̀lú ẹ̀. Sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ ilé lo fi hàn, o ò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Fi mí sí speaker!

ÀBÚRÒ: Ẹ rọra o, wọ́n ti wọlé—

LỌ́YÀ: Madam, you are shouting at us.

Ẹ̀GBỌ́N: Ah, I'm sor— Rárá o! I am not sorry! Not at all!

[Bírò bọ́ sórí tábìlì]

ÀBÚRÒ: Mo ti gbé e sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá wọn ti ń bínú o.

Ẹ̀GBỌ́N: Kó máa bínú! Inú rẹ̀ ni. Ṣé o gbọ́ mi? Ìwọ ṣáà ò gbọdọ̀ sọ fún un pé kó má—

[Ìlà já]