Ohùn Tí Mo Fi Orúkọ Mi Sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mo jí nǹkan ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ọkọ. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé e pamọ́ sínú. Mi ò sọ fún ìyá tó bí mi, mi ò sọ fún pásítọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi yìí wá tọrọ ohun kan lọ́wọ́ mi, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè dá gbé e mọ́.

Ìlú Ẹnúgù ni mò ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n rán mi wá sìnlú, mo rí iṣẹ́ síbẹ̀ nígbà tí mo parí, mi ò sì padà sílé mọ́. Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀rẹ́ mi ní Rónkẹ́, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọdún kan náà la jọ dé. Òun lọ́kọ, ó bí ọmọbìnrin kan. Èmi ṣì wà nínú yàrá kan ní Ogui New Layout. A jọ ń lọ sí ìjọ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn ní Yorùbá, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Òun ló máa ń dá orin. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́. Ohùn tèmi dà bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìdí ìkòkò. Ọ̀gá akọrin fi ọgbọ́n yọ mí kúrò níwájú, ó ní kí n máa bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá.

Ìdí ẹ̀rọ yìí ni mo ti gbọ́ nípa ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó máa ń kọrin bí èèyàn. Wọ́n á gba ohùn ẹnì kan sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ àti orin tó bá wù ú sí i, ohùn yẹn á sì kọ ọ́. Àwọn èèyàn ń ṣe é nínú yàrá ara wọn, wọ́n á gbé e sórí ayélujára kí gbogbo ayé máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wá èyí tó ń kọ Yorùbá dáadáa títí, mi ò rí. Mo ní èmi ni n ó ṣe é. Mo sì ti mọ ohùn tí n ó lò.

Rónkẹ́ gbà. Gẹ̀gẹ̀ ti yọ sí i lọ́rùn nígbà náà, wọ́n sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé iṣẹ́ náà lè kan ohùn. Ó ní kí n tètè gbà á sílẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan òun lọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo ló fi dè mí: kí n má gbé e jáde títí òun yóò fi ti ilé ìwòsàn dé, tí òun yóò fi fetí ara òun gbọ́ ọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la máa ń ṣe é, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ogui bá ti tilẹ̀kùn, tí kẹ̀kẹ́ ò sì pọ̀ ní títì. A ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, a ó pa fáànù, òógùn á máa bò wá. Rónkẹ́ á wá máa fa ohùn kọ̀ọ̀kan gùn, ìsàlẹ̀, àárín, òkè: bà, ba, bá, dà, da, dá. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bú sí i, a ó tún un ṣe.

Bí ọ̀fun rẹ̀ bá ti ń le, oríkì ọmọ rẹ̀ ló máa ń pè sínú máìkì kí ọ̀fun náà lè rọ̀. Àníkẹ́ ni oríkì ọmọ náà. Ọmọ Ẹnúgù ni o, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ló ń sọ, Yorùbá rẹ̀ ò ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láàárọ̀, á sáré wá, á kúnlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín títí ìyá á fi kì í tán. Nínú gbogbo ohun tí a gbà sílẹ̀, oríkì yẹn ló dùn jù. Ẹ ó gbọ́ bí Rónkẹ́ ṣe ń mí, ẹ ó gbọ́ bí ẹ̀rín ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

Ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀mí rẹ̀ yè, a dúpẹ́. Ohùn ló lọ. Èyí tó kù há, ó gbẹ, ẹ ó sún mọ́ ọn kí ẹ tó gbọ́. Wọ́n ní ó lè padà. A dúró títí, kò padà.

Mo wà nílé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Rónkẹ́ fẹ́ ki Àníkẹ́. Ọmọ náà dúró sójú kan, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀.

"That's not how Mummy calls it," ó ní, ó sì bá eré rẹ̀ lọ.

Rónkẹ́ kò kì í mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò láàánú. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n mo délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Mo gé gbogbo èémí kúrò nínú ohùn náà, torí ohùn tó mọ́ tónítóní ni àwọn tó ń lò ó ń fẹ́. Mo gbé ohùn náà sókè díẹ̀ kó má baà jọ ti Rónkẹ́ jù. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, ó ku kí n sọ ẹni tó ni ín.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ bá a. Mo ní, báwo ni n ó ṣe gbé ohùn lọ síwájú ẹni tí kò ní ohùn mọ́? Bí mo ṣe ń tan ara mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìlara ni. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé ohùn mi dùn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Orúkọ mi ni mo fi síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán mi, mo sì gbé e sórí ayélujára.

Wọ́n sì sọ ọ́. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń kọ̀wé sí mi pé ohùn mi ń mú orí àwọn wú. Mò ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé. Mo sọ fún ọ̀gá akọrin àti Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ pé ohùn tèmi ni mo padà lò, pé ẹ̀rọ ló bá mi tún un ṣe.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Rónkẹ́ wá sí yàrá mi. Ó ní bà, ba, bá yẹn ò jẹ òun lógún, ibi tí òun ti ń ki Àníkẹ́ nìkan ni òun fẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀, á dá èyí tó wà níta mọ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ó ní kò burú. Òun ló tún ń tù mí nínú nítorí kọ̀ǹpútà.

Bó ṣe jáde ni mo ṣe èyí tó burú jù. Mo pa oríkì náà rẹ́. Gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ní kí irọ́ mi lè di òótọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yẹ kọ̀ǹpútà mi wò. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Kò sẹ́nì kankan. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà ìsìn àwọn ọmọdé, ọ̀gá akọrin ní kí ìjọ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó fi orin kan tí ohùn náà kọ sórí sípíkà. Mo dìde, mo tẹríba fún ìjọ. Àníkẹ́ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó rìn lọ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé sípíkà náà.

"Na my mummy be this," ó ní.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi. Mo ti múra, mo ti mọ bí n ó ṣe bẹ̀ ẹ́. Kò bá mi jà. Ó jókòó, ó mí díẹ̀, mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, ohùn rẹ yẹn jọ tèmi àtijọ́. Ọmọ náà ti gbà á. Jọ̀ọ́, fi bá mi ki Àníkẹ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́ fún un láràárọ̀."

Ó sì kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, kò kúnlẹ̀ fún mi rí. Mo fà á dìde, mo ní màá ṣe é.

Mo ti ṣe é. Mo to àwọn ohùn wẹ́wẹ́ náà pọ̀, ó ń pe Àníkẹ́, kò ṣi ibì kankan pè. Ṣùgbọ́n kò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ti gé èémí rẹ̀ dànù, ibi tí ẹ̀rín wà ni mo sì fọwọ́ ara mi pa rẹ́.

Mi ò tíì gbé e fún un. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀, tó kàn ń dán mi wò, tàbí kò mọ̀ lóòótọ́. Bí mo bá fún un tí mo dákẹ́, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láràárọ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́, á ní kí n dá oríkì tòótọ́ yẹn padà, kò sì sí níbì kankan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹnu wo ni n ó fi sọ fún un pé ohùn ara rẹ̀ ló kúnlẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ mi?