Omi Ẹsẹ̀ tí Àwẹ̀ró Fún Ẹṣin

Ní ayé àtijọ́, kí agbo ilé wa yìí tó wà rárá, ìjòyè kan wà ní ìlú òkè odò yẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ kò yẹ lẹ́nu mi. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yìí. Inú ti ń bí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjòyè yìí mu ẹmu yó lọ́jọ́ ọdún, ó gun ọmọ ẹṣin kan tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó, ó sì ṣubú lójú gbogbo ayé. Ẹmu ló gbé e ṣubú o! Wọ́n ní ẹṣin ló lórí burúkú. Ẹ gbọ́ ná, ṣebí ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé? Tiwọn, èyí tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé. Wọ́n so ọmọ ẹṣin náà mọ́ igi oṣè, wọ́n ní ẹni tó bá fún un lómi yóò kó orí burúkú wọlé. Okùn jẹ ẹ́ lọ́rùn, eṣinṣin bo egbò gàárì ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń kọjá. Àwọn tó bímọ, tó ń tọ́mọ, wọ́n ń kọjá!

Ìgbà náà ni wọ́n ń mú Àwẹ̀ró, ìyá ńlá wa, bọ̀ nílé ọkọ. Ilé Òjédòkun ọkọ rẹ̀ kọjú sí igi oṣè náà gan-an. Ìyá ọkọ ti bu omi sígbá, èyí tí wọn yóò fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Àwẹ̀ró ṣí ìborùn lójú, ó rí ẹṣin. Ojú ló ń rójú ṣàánú. Ó gba igbá lọ́wọ́ ìyá ọkọ, ó gbé e lọ sábẹ́ igi, ó gbé e sí ẹṣin lẹ́nu.

Ìyá ọkọ figbe ta. "Ìyàwó! Omi ẹsẹ̀ rẹ lo fún ẹran olóríburúkú?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

"Fi í sílẹ̀ kí n bu omi mìíràn. Bí o bá tún fọwọ́ kàn án, o ò ní wọ ilé mi láéláé!"

Àwẹ̀ró wo ilẹ̀kùn, ó wo ẹṣin. Ó yọ ọ̀bẹ nínú ẹrù ìyàwó, ó gé okùn. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọpẹ́lọpẹ́ Òjédòkun, ọkùnrin gidi, tó jáde tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀.

Ibi tí ẹ jókòó sí yìí ni wọ́n mú ẹṣin náà wá, tí wọ́n pa abà sí. Wọ́n ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ egbò, wọ́n ń fi òrí pa á, wọ́n ń gé koríko tútù fún un. Nígbà tí kò lè dìde, àwọn méjèèjì fi èjìká gbé e. Ó rù, ó rù, ó tún sanra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ìjòyè gbọ́. Kò tijú! Ó rán ẹmẹ̀wà rẹ̀ pé kí wọ́n wá mú ẹṣin òun.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ bá mi kí ìjòyè. Ẹ ní ibi tó so ẹṣin tirẹ̀ sí, kó lọ tú u níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé jáde pẹ̀lú mi lèyí."

Wọ́n lọ. Wọn ò padà wá.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó nílé yìí títí yóò fi kọ́kọ́ gbé omi fún ẹran tó wà ní ìso. Ẹ̀yin kan ń ṣẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ẹ ní ẹrẹ̀ ń ba aṣọ ìyàwó jẹ́. Ọmọ Àwẹ̀ró lẹ sì ń pe ara yín! Bí mo ṣe ń bọ̀ níbí, mo rí ewúrẹ́ kan lẹ́yìn ilé, nínú oòrùn, ahọ́n rẹ̀ wà níta, kò sómi níwájú rẹ̀. Gbogbo yín lẹ gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ dìde. Ẹ lọ bu omi.